Àbá Tí Kò Sá fún Ìdánwò

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àbá ni ikán ń dá, ikán kò lè mu òkúta. Ẹni tí ó bá gbọ́ òwe yìí lè rò pé a fi ń bu àbá kù ni, bí ẹni pé ohun tí ọwọ́ kò lè tó nìkan ni à ń dá lábàá. Ṣùgbọ́n òwe mìíràn wà tí ó dúró ní òdìkejì rẹ̀, èyí tí ó ní àbá níí di òótọ́, ojo ni kì í jẹ́ kí a dá a. Ọ̀kan kò pa èkejì run. Ohun tí àwọn méjèèjì jọ ń sọ ni pé àbá kò tíì jẹ́ òótọ́, kò sì tíì jẹ́ irọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ni, tí ó ń retí ẹni tí yóò dán an wò. Ikán tí ó bá fi ẹnu kan òkúta ni yóò mọ̀ bóyá òkúta ṣeé mu. Èyí tí kò fi ẹnu kàn án rárá, tí ó jókòó sínú ilé rẹ̀ tí ó ń wí pé òun lè mu ún, òun ni ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀.

Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó wà ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkòtún, láti Ìdímù dé Ìgàndó, àkókò kan máa ń dé tí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì yóò ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mú iṣẹ́ ìwádìí wá. Ó lè jẹ́ nítorí ìdíje ẹgbẹ́ JETS, ó sì lè jẹ́ nítorí máàkì ìparí ọdún. Lẹ́yìn àkọlé, ohun tí olùkọ́ máa ń béèrè ni àbá: kí ni akẹ́kọ̀ọ́ rò pé yóò ṣẹlẹ̀, kí ó tó ṣe ìdánwò? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń wọ́. Ọmọ kan yóò kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé, "Omi kànga Ìgàndó kò dára." Òmíràn yóò kọ ọ́ pé, "Ó yẹ kí ìjọba ṣe nǹkan sí ọ̀rọ̀ omi." Òmíràn tí ó fẹ́ kí a mọ òun ní ọlọ́gbọ́n yóò kọ ọ́ pé, "Omi kànga lè fa àìsàn, ó sì lè má fà á."

Gbólóhùn kejì kì í ṣe àbá rárá. Ìmọ̀ràn ni, ó sì lè jẹ́ ìmọ̀ràn rere. Ṣùgbọ́n kò sí omi tí ènìyàn lè bù sínú ìgò tí yóò sọ ohun tí ó yẹ kí ìjọba ṣe. Gbólóhùn kẹta ni ó burú jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni etí kọ́kọ́ gbà bí ọ̀rọ̀ àgbà. Bí omi bá fa àìsàn, ó gbè é. Bí kò bá fà á, ó tún gbè é. Kò sí ọjọ́ tí a lè mú un nírọ́, nítorí náà kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó ní òjò lè rọ̀ lọ́la, ó sì lè má rọ̀, kò purọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò tìtorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká aṣọ tí ó sá sóòrùn? Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni ó sún mọ́ àbá díẹ̀. Ẹ̀dùn tòótọ́ wà nínú rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá ń gbé Ìgàndó mọ ohun tí ọmọ náà ní lọ́kàn.

Ní ẹ̀bá títì tí ó so Ìṣẹri pọ̀ mọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ni ààtàn Solous wà, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba pín sí mẹ́ta: Solous I, Solous II àti Solous III. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ̀ akólẹ̀ fi ń gbé ìdọ̀tí Èkó wá dà síbẹ̀, tí àwọn ilé sì ń pọ̀ sí i yí i ká. Bí òjò bá rọ̀ lé ààtàn lórí, omi òjò náà yóò la inú ìdọ̀tí kọjá, yóò di omi dúdú, yóò sì máa wọ ilẹ̀ lọ. Abẹ́ ilẹ̀ náà ni àwọn ará àdúgbò ń gbẹ́ kànga sí. Ilé tí ó ní omi ẹ̀rọ ìjọba kò wọ́pọ̀. Kànga ni, tàbí kànga ẹ̀rọ, tàbí kẹ̀kẹ́ omi àwọn mẹ́ruwà, tàbí omi inú ọ̀rá fún ẹni tí owó rẹ̀ bá ká a. Nígbà tí ọmọ bá wá kọ ọ́ pé omi kànga Ìgàndó kò dára, ọ̀rọ̀ tí ó ń gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ àti lẹ́nu àwọn ayálégbé ẹlẹgbẹ́ wọn ni ó kọ. Kò purọ́. Ṣùgbọ́n kò tíì sọ ohun tí ó ṣeé dán wò.

Kí ni "dára"? Ṣé adùn omi ni, tàbí òórùn rẹ̀, tàbí àwọ̀ rẹ̀, tàbí ohun tí ojú kò rí nínú rẹ̀? Kànga wo ni? Nígbà òjò ni, tàbí nígbà ọ̀gbẹlẹ̀? Kí ni a fi wé? Bí ọmọ náà bá fi ara balẹ̀ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, gbólóhùn rẹ̀ yóò gùn sí i, kò sì ní dùn lẹ́nu bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́: "Bí a bá bu omi nínú kànga 10 tí kò jìnnà sí ààtàn Solous ju 300 mítà lọ, tí a sì bu omi nínú kànga 10 mìíràn tí ó jìnnà sí i ju 2,000 mítà lọ, ní ọ̀sẹ̀ kan náà, náítíréètì inú omi àwọn kànga ìtòsí yóò pọ̀ ju ti àwọn kànga òkèèrè lọ." Ẹnikẹ́ni kò lè kọ èyí sára pátákó lọ fi ṣe ìwọ́de. Ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tí ti àkọ́kọ́ kò ní: ó lè ṣubú. Bí náítíréètì inú àwọn kànga méjèèjì bá dọ́gba, tàbí tí ti òkèèrè bá pọ̀ jù, àbá náà ti kú, ẹni tí ó dá a yóò sì jẹ́wọ́ pé ó kú.

Ẹlòmíràn yóò ní kí ni ó kan ará Ìgàndó nípa gbogbo àlàyé yìí. Ṣé òórùn ààtàn kò tó ẹ̀rí? Ó kàn án ju bí ó ti rò lọ. Bí ìyá ọlọ́mọ bá gbọ́ pé omi kànga òun kò dára, ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe ni pé kí ó sè é kí ó tó fún ọmọ mu. Bí ó bá jẹ́ pé kòkòrò àìfojúrí ni ó wà nínú omi náà, irú èyí tí a ń pè ní E. coli, tí ó jẹ́ àmì pé ìgbọ̀nsẹ̀ ti kan omi, ìyá náà ṣe ohun tí ó tọ́, nítorí iná yóò pa á. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ náítíréètì ni, iná kò lè pa á. Omi ni yóò máa fẹ́ lọ nínú ìkòkò, tí náítíréètì yóò sì ṣẹ́kù sínú omi tí ó kù, tí yóò wá ki ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ ọwọ́ tí a bá fi irú omi bẹ́ẹ̀ po mílíìkì fún ni ewu rẹ̀ pọ̀ fún jùlọ, nítorí ó lè ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà jẹ́ débi pé kò ní lè gbé atẹ́gùn kiri ara dáadáa. Nítorí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe fi òdiwọ̀n rẹ̀ sí 50 mílígíráàmù nínú lítà kan, iye kan náà sì ni ó wà nínú ìlànà omi mímu ti ilẹ̀ Nàìjíríà tí ó jáde ní ọdún 2007. Ti òjé kò ju 0.01 lọ. Ti E. coli, kò gbọdọ̀ sí rárá nínú 100 mílílítà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, "kò dára," lè mú kí ìyá kan fi ìfẹ́ ṣe ọmọ rẹ̀ léṣe. Àìsọ̀rọ̀ ní pàtó kì í ṣe àbùkù èdè nìkan.

Síbẹ̀síbẹ̀, àbá kànga 20 yìí kò tíì gún régé. Ẹni tí ó bá mọ Alímọ̀ṣọ́ yóò rí àlàfo rẹ̀ kíá. Ní ibi tí ilé ti fún pọ̀, ṣáláńgá àti kànga kì í jìnnà síra wọn, ìgbọ̀nsẹ̀ ènìyàn sì máa ń sọ náítíréètì sínú ilẹ̀ bí ààtàn ti ń ṣe. Bí ó bá wá jẹ́ pé àwọn ilé tí ó sún mọ́ Solous fún pọ̀ ju àwọn tí ó jìnnà lọ, tí kànga wọn kò sì jìn, ọmọ náà lè dá ààtàn lẹ́bi nígbà tí ó jẹ́ pé ṣáláńgá ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀daràn. Ohun méjì ti so mọ́ra wọn, ó sì gbọdọ̀ tú wọn.

Bí a ti í tú irú ìdè bẹ́ẹ̀ ni dókítà kan tí ń jẹ́ John Snow fi han àwọn ará London ní ọdún 1854, nígbà tí àrùn onígbáméjì ń pa wọ́n. Òórùn búburú ni ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ìgbà náà gbà pé ó ń gbé àrùn náà kiri. Snow dá àbá pé omi ni. Bí ó bá kàn fi àdúgbò olówó wé àdúgbò tálákà ni, àwọn alátakò ìbá ní ipò òṣì ni ó ń pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ó rí i pé ní gúúsù ìlú náà, iléeṣẹ́ méjì ni ó ń ta omi sí òpópónà kan náà, nígbà mìíràn ilé kan ń ra ti ọ̀kan, tí ilé kejì ń ra ti èkejì. Iléeṣẹ́ Lambeth ti gbé ojú ibi tí ó ń fa omi lọ sí òkè odò Thames ní ọdún 1852, níbi tí ẹ̀gbin ìlú kò dé. Southwark and Vauxhall ṣì ń fa ti ibi tí ẹ̀gbin ń dà sí. Òórùn kan náà ni àwọn ilé wọ̀nyí ń gbọ́, irú ènìyàn kan náà ni ó ń gbé inú wọn. Snow ní bí ó bá jẹ́ omi ni, ikú kò ní dọ́gba. Nígbà tí ó kà á, ènìyàn 315 ni ó kú nínú ilé 10,000 kọ̀ọ̀kan tí ń mu omi Southwark and Vauxhall, 37 sì ni ti Lambeth. Bí iye méjèèjì bá dọ́gba ni, àbá rẹ̀ ìbá ti kú síbẹ̀, àwọn tí ó gbà pé òórùn ni ìbá sì ti jó.

Ọmọ Ìgàndó tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí yóò padà sídìí àbá rẹ̀. Yóò wá kànga tí ó jìn bákan náà, tí ṣáláńgá ilé rẹ̀ sì jìnnà sí i bákan náà, yóò mú wọn ní méjì méjì, ọ̀kan nítòsí ààtàn, ọ̀kan lókèèrè. Iṣẹ́ náà yóò le sí i. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé kànga 6 péré ni yóò rí dípò 20. Kò burú.

Àwọn àgbà nínú ìmọ̀ náà ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí ní Solous. Ní ọdún 2010 ni Longe àti Balogun tẹ ìwádìí wọn lórí omi abẹ́ ilẹ̀ àyíká ibẹ̀ jáde. Ohun tí wọ́n rí kò gbè ẹnikẹ́ni pátápátá. Náítíréètì wà lára àwọn díẹ̀ tí ó kọjá òdiwọ̀n, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ohun tí wọ́n wọ̀n ni kò kọjá á, wọ́n sì rò pé amọ̀ tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ni ó ń sẹ́ omi dúdú náà kí ó tó dé kànga. Ẹni tí ó bá ti kọ "omi Ìgàndó kò dára" tẹ́lẹ̀ yóò fẹ́ fi apá kan ìwádìí yìí pamọ́. Ẹni tí ó fẹ́ kí ààtàn wà níbẹ̀ títí láé yóò fẹ́ fi apá kejì pamọ́. Àwọn méjèèjì ni amọ̀ ilẹ̀ Ìgàndó kò kà sí.

Karl Popper, ọmọ ìlú Vienna, ni ó fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ìwé ní ọdún 1934. Ìwé náà di èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1959. Ohun tí ó tẹnu mọ́ ni pé ohun tí ó ya ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ́tọ̀ kì í ṣe pé a ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òótọ́ ni, bí kò ṣe pé ó ṣí ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá lè já a nírọ́. Ẹni tí ó bá ní gbogbo lékeléke ni ó funfun lè rí ẹgbẹ̀rún kan tí ó funfun, kò tíì parí iṣẹ́. Ọ̀kan tí ó dúdú tó láti dá a lẹ́jọ́. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará Yúróòpù rí. Ẹyẹ omi kan wà lọ́dọ̀ wọn, ọlọ́rùn gígùn tí ó jọ pẹ́pẹ́yẹ, tí wọ́n fi ọjọ́ gbogbo mọ̀ ní funfun, títí di ọdún 1697 tí àwọn atukọ̀ láti ilẹ̀ Holland dé Ọsirélíà tí wọ́n sì rí èyí tí ó dúdú.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ àjòjì pátápátá ni èyí kò tíì fi etí sí èdè Yorùbá dáadáa. J. Olúbì Ṣódípọ̀ àti Barry Hallen, tí wọ́n jọ kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1986 lẹ́yìn tí wọ́n ti bá àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Èkìtì jókòó pẹ́. Wọ́n bi wọ́n léèrè ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín "mo mọ̀" àti "mo gbàgbọ́." Ìdáhùn àwọn àgbà náà kò mú ìyípo dání. Ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ó sì yé e, ni ó mọ̀. Ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tí ó sì gbà, òun ni ó gbàgbọ́. Gbà àti gbọ́ ni ó di gbàgbọ́. Ọ̀pọ̀ ohun tí ń bẹ nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ sì jẹ́ ìgbàgbọ́ fún ọmọ tí ó kà á, ì báà jẹ́ òótọ́ bí ojúmọ́. Ohun tí ó lè sọ ìgbàgbọ́ di ìmọ̀ ni kí a dán an wò. Ọmọ tí ó kọ "omi kànga Ìgàndó kò dára" gbà á gbọ́. Kò tíì mọ̀ ọ́n. Èdè ìyá rẹ̀ ti fún un ní ọ̀rọ̀ méjì tí yóò fi ya ipò méjèèjì sọ́tọ̀ kí ó tó wọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì rárá.

Robin Horton, tí òun náà kọ́ni ní Ifẹ̀, ti sọ ní ọdún 1967 pé nínú èrò àbáláyé Áfíríkà, nígbà tí ohun tí a sọ tẹ́lẹ̀ kò bá ṣẹ, àwáwí kan wà nílẹ̀ tí a ó fi gba ọ̀rọ̀ náà là. Kò parọ́ tán. Oògùn kò jẹ́, a ní aláìsàn jẹ èèwọ̀. Ó pa èèwọ̀ mọ́, a ní ọwọ́ ayé ni. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn tí òótọ́ lè gbà wọlé bá a. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lọ sí yàrá ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ ìwádìí yóò parí yóò gbọ́ àwáwí tí ó tó bẹ́ẹ̀: ìgò ni kò mọ́, oògùn inú rẹ̀ ni ó ti pẹ́ jù, NEPA ni ó mú iná lọ. Ọmọ tí ó rí èsì tí kò fẹ́ máa ń yára rí àbùkù ẹ̀rọ. Èyí tí ó rí èsì tí ó fẹ́ kì í yẹ ẹ̀rọ wò. Àìsàn yìí kò mọ ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú yàtọ̀ sí ti aláwọ̀ funfun.

Ó sì dára kí ẹni tí ó fẹ́ràn èdè Yorùbá rántí pé àbá kan wà tí a dá nítorí èdè yìí fúnra rẹ̀, tí kò sì sá fún ìdánwò. Ní ọdún 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation, bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n lè kàn kọ ọ́ pé èdè Yorùbá dára, kí gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ọmọ tí a bá fi Yorùbá kọ́ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí a sì ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín àwọn yòókù, yóò ṣe dáadáa ju ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan kí a tó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Kíláàsì méjèèjì wà níbẹ̀ tí a lè fi ọ̀kan wé èkejì. Ewu wà nínú rẹ̀ fún wọn. Bí àwọn ọmọ Yorùbá ọlọ́dún mẹ́fà bá kùnà nínú ìṣirò, tàbí tí Gẹ̀ẹ́sì wọn bá di àkúdé, àwọn alátakò yóò fi èsì náà dá èdè Yorùbá lẹ́jọ́ fún ìran mẹ́ta. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa nínú àwọn iṣẹ́ yòókù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì; ìwé tí ó ròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1989. Èsì yẹn ní iyì nítorí pé ó lè jẹ́ òdìkejì.

A sì lè fi èyí wọn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun fagi lé ìlànà èdè tí a fọwọ́ sí ní ọdún 2022, tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi síwájú ni pé agbègbè tí ó ń lo èdè abínibí jù ni ọmọ ti ń kùnà nínú ìdánwò àṣekágbá. Ó jọ àbá, ó sì yẹ kí a bá a lò gẹ́gẹ́ bí àbá. Ṣé olùkọ́ àti ìwé pọ̀ bákan náà ní àwọn agbègbè tí a fi wéra? Ṣé àwọn ọmọ tí ó kùnà náà ni a fi èdè abínibí kọ́ lóòótọ́, tàbí orí ìwé nìkan ni ìlànà náà wà? Ìbéèrè tí a ó bi ọmọ Ìgàndó nípa ṣáláńgá náà ni, kò sì yẹ kí ti ìjọba rọrùn ju ti ọmọ girama lọ.

Ohun tí ó ń ba àbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ jùlọ kì í ṣe àìmọ̀ wọn. Máàkì ni. Níbi tí olùkọ́ bá ti ń fún ọmọ tí àbá rẹ̀ "jẹ́ òótọ́" ní 18 nínú 20, tí ó sì ń fún èyí tí àbá rẹ̀ ṣubú ní 9, ọ̀nà méjì ni ó ṣí sílẹ̀ fún ọmọ tí kò fẹ́ 9. Èkíní ni pé kí ó yí iye tí ó rí padà. Ìwọ̀nyí ni gbogbo ènìyàn mọ̀ sí irọ́. Èkejì ni pé kí ó fi iye sílẹ̀ bí ó ti wà, kí ó lọ yí àbá padà, kí ó kọ ọ́ bí ẹni pé ohun tí òun ti rò láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ni kì í ka èyí sí ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni a ó pe ẹni tí ó dúró kí ayò tán kí ó tó sọ ilé tí òun ní lọ́kàn láti ta? Gbogbo iye inú ìwé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ òótọ́, ìwé náà lápapọ̀ sì jẹ́ irọ́. Àwọn àgbàlagbà oníṣẹ́ ìwádìí náà ń ṣe é, wọn kò sì í fẹ́ gbọ́ orúkọ tí ó ń jẹ́. Olùkọ́ tí ó bá ń wọn ìwà àti ìlànà iṣẹ́ dípò èsì rẹ̀ ti pa ìdí tí ọmọ fi lè purọ́ rẹ́.

Ó ku àwọn onílé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbé ìgò lọ sí ẹ̀yìnkùlé ẹni ẹlẹ́ni yóò kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, mà. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó rán wa. Ẹ jọ̀wọ́, omi díẹ̀ ni a fẹ́ nínú kànga yín, mà." Bí ìyá onílé bá béèrè pé, "Bí ẹ bá rí nǹkan nínú rẹ̀ ńkọ́, ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ̀yin ni ẹ ó máa yá yàrá mi?" kò sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Yàrá mẹ́rin tí ó ń yá fún ènìyàn ni ó fi ń jẹun lọ́jọ́ ogbó. Ọmọ tí ó wá pẹ̀lú "omi Ìgàndó kò dára" ti dá kànga rẹ̀ lẹ́bi kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà. Omi tí ó wá bù kò lè sọ ohun mìíràn létí rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà; ọmọdé náà lè jẹ irú oyè yẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wá pẹ̀lú àbá tí ó lè ṣubú lè dá a lóhùn láì bojú wẹ̀yìn: "Mà, a kò tíì mọ̀. Ó lè jẹ́ pé omi yín mọ́ ju ti àwọn yòókù lọ, bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, a ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ni a ó kọ́kọ́ wá sọ fún." Ó sì gbọdọ̀ padà wá. Bí náítíréètì bá wà nínú rẹ̀ ju 50 lọ, òun ni yóò ṣàlàyé fún ìyá náà pé sísè kò kápá rẹ̀, pé kí a má fi po oúnjẹ ọmọ ọwọ́, pé omi náà ṣì ṣeé fi fọ aṣọ. Bí kò bá sì sí, àbá rẹ̀ ti ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé yẹn, kí ó sọ èyí náà fún un kí ó tó lọ sọ ọ́ ní kíláàsì.

Nítorí èyí ni ó fi dára kí a kọ àbá sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ tí a ó bu omi, pẹ̀lú bíírò, kì í ṣe pẹ̀lú pẹ́ńsù. Kí ọmọ kọ ọjọ́ sí i. Ní abẹ́ rẹ̀, kí ó kọ gbólóhùn kan péré nípa iye tí òun bá rí tí yóò mú kí òun gbà pé òun ṣì í. Kí olùkọ́ fi ọwọ́ sí i, kí ó ti ìwé náà mọ́ inú àpótí, kí ọmọ tó gbé korobá àti okùn lọ sí ìdí kànga.